Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Ṣí, Ọkàn Ò Tíì Jí: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Ìyá Aláṣọ Kan n'Ìbàdàn

Aláìsàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìyá ẹni ọdún 58, oníṣòwò aṣọ-òkè ní ọjà Òjé. Ìyá Aláṣọ ni gbogbo wa ń pè é ní wọ́ọ̀dù, orúkọ náà ni mo sì máa lò níbí. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí n kọ ọ́, mo sì ti yí àwọn nǹkan tí ará àdúgbò lè fi dá wọn mọ̀ padà. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ ni ìbéèrè kan tí àkọ́bí rẹ̀ bi mí lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbé e dé. Mo máa ń gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹbí àwọn tí ìkọlù ọkàn, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní hátì atáàkì, bá ṣe, a kì í sì í ráyè dá wọn lóhùn tán.

Àtọ̀gbẹ ti wà lára ìyá yìí fún ọdún 11, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti dé ṣáájú ìyẹn. Daonil ló ń lò fún ṣúgà, kì í sì í fo ọjọ́ kan. Amlodipine ló ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n ìyẹn di ìgbà tí orí bá ń fọ́ ọ. Kì í mu sìgá, kì í mu ọtí. Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí ọ̀rọ̀ fi dójú ẹ̀: fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, títí dé ọjọ́ tó ṣáájú àìsàn yìí, bó bá ti ń gun òkè bọ̀ láti ọjà, àyà rẹ̀ á há, èémí rẹ̀ á kúrú. Bó bá ti jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin, ó ti lọ nìyẹn. Ó rò pé ọjọ́ orí ni. Mo ṣì máa padà sórí ọ̀rọ̀ àyà híhá yìí.

Ọjọ́ kejì ni ọjà aṣọ máa ná, nítorí náà ó ti tètè jí. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, bó ṣe ń ṣe àlùwàlá, òkè ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Òógùn tútù bò ó, apá òsì rẹ̀ wúwo, ó sì rẹ̀ ẹ́ débi pé ó fìdí lé ilẹ̀ balùwẹ̀. "Ọgbẹ́ inú mi ló tún dé," ohun tó sọ fún ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fún un ní oògùn olómi funfun tó máa ń mu sí i. Nígbà tó di aago méje, àbíkẹ́yìn rẹ̀ sáré lọ sí kẹ́mísì, ó ra omeprazole wá. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti lọ kí wọ́n tó gbà pé ọ̀rọ̀ náà ju ti inú lọ, torí ó ti ń bì, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Wọ́n gbé e sínú Micra. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀nà Òjé sí Mọ́kọ́lá ṣe máa ń rí láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kò ní béèrè ohun tó dá wọn dúró. Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

N kò dá wọn lẹ́bi. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára máa ń ba àwọn iṣan tó ń gbé ìró ìrora láti inú ọkàn jẹ́, nítorí náà alátọ̀gbẹ lè ní ìkọlù ọkàn tó lágbára kí àyà má dùn ún rárá. Àwọn obìnrin pẹ̀lú máa ń ní in lọ́nà tí kò bá ohun tí a ń wò nínú fíìmù mu: inú rírun, èébì, àárẹ̀ òjijì, ẹ̀yìn dídùn. Ìyá yìí jẹ́ obìnrin, ó sì jẹ́ alátọ̀gbẹ. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ tàn án.

Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó wọlé, a ti fi ẹ̀rọ ECG wo ọkàn rẹ̀. Ìlà tí a ń pè ní ST ti gbéra sókè láti V1 dé V5, àwọn ojú tí ẹ̀rọ náà fi ń wo iwájú ọkàn. Ìyẹn ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń bọ́ iwájú ọkàn ti dí. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 168/102, ọkàn ń lù nígbà 108 ní ìṣẹ́jú kan, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 318 mg/dL. A fún un ní aspirin 300 mg pé kó rún un lẹ́nu, a fi clopidogrel, oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà tó dára jù láti ṣí iṣan tó dí ni kí wọ́n ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ọwọ́ tàbí ti itan dé ibi tó dí, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì fi stent, ọ̀pá kékeré oníhò bí àwọ̀n, gbé e ró. Àmọ́ ìlànà tí àwọn onímọ̀ ọkàn ń tẹ̀ lé ni pé bí a kò bá ní lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú 120, kí a má dúró, kí a fi oògùn yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì náà. Kò sí bí ìyá yìí ṣe lè dórí tábìlì wáyà láàárín àsìkò yẹn lọ́jọ́ náà, owó kò sí nílẹ̀, ètò kò sì sí. A yan streptokinase, 1.5 mílíọ̀nù yúníìtì, kó máa kán wọlé fún wákàtí kan. Oògùn náà kò sí lọ́wọ́ wa. Ọmọ rẹ̀ gun ọ̀kadà, ó wá a dé ilé oògùn kẹta kó tó rí i. Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ara ìyá, wákàtí márùn-ún àti ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí inú kọ́kọ́ ta á.

Àwọn kan máa ń fojú kékeré wo oògùn yìí nítorí pé ó ti pẹ́. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí ISIS-2 tí wọ́n gbé jáde ní 1988, tí wọ́n fi aláìsàn 17,187 ṣe, àwọn tí ìṣòro ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ pa láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún jẹ́ 13.2 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tí kò gba ohunkóhun, ó sì jẹ́ 8.0 lára àwọn tó gba streptokinase pẹ̀lú aspirin. Ẹ̀mí púpọ̀ ló wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì yẹn.

Ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀ sí 92/60 nígbà tí oògùn ń wọlé lọ́wọ́. Streptokinase máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. A dín ìkánsílẹ̀ rẹ̀ kù, a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó padà bọ̀ sípò. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé wákàtí kan ààbọ̀, ohun tó dẹ́rù ba àwọn ọmọ ṣẹlẹ̀: ìlà ojú ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yí padà, ó fẹ̀, ó ń lọ ní gbọọrọ gbọọrọ, bí ìgbà 75 ní ìṣẹ́jú kan. Àbúrò rẹ̀ obìnrin figbe ta. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Ìlù ọkàn irú èyí sábà máa ń yọjú nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wọ ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló lò, ó lọ fúnra rẹ̀. Inú tó ń ta á rọlẹ̀. ECG tí a tún ṣe fi hàn pé ìlà ST ti wálẹ̀ ní díẹ̀ ju ìdajì lọ. Iṣan ti ṣí. Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n ìlà yẹn kò wálẹ̀ tán, mo sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò wálẹ̀ tán.

Lọ́jọ́ kejì a fi ẹ̀rọ echo wo bí ọkàn ṣe ń fún. Ọkàn tó dá ṣáká máa ń ti bíi 55 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde bó bá fún lẹ́ẹ̀kan. Ti ìyá yìí jẹ́ 36. Ògiri iwájú àti ṣóńṣó ọkàn ò mira. Ògiri yẹn tún nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò gba ìtọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àkọ́bí rẹ̀ jókòó níwájú mi. Ó ní: "Dókítà, ẹ sọ fún wa lánàá pé iṣan náà ti ṣí. Ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Kí ló wá dé tí ọkàn màmá wa ò ṣiṣẹ́?"

Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi dókítà nìyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí àkókò. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn bá dí, ẹran ọkàn kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín bí ìṣẹ́jú 20 sí 40, ìpele inú, tó jìnnà jù sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wọlé, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ikú náà á sì máa tàn bọ̀ síta wákàtí lẹ́yìn wákàtí. Nínú wákàtí márùn-ún àti ogójì ìṣẹ́jú, ó ti rìn jìnnà. Ẹran tó ti kú ṣáájú aago mọ́kànlá, streptokinase kò lè jí i.

Ṣùgbọ́n àkókò nìkan kọ́. Ìpadàbọ̀ ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń pa nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣì wà láàyè. Ó ṣòro fún ẹbí láti gbọ́ èyí, ó sì ṣòro fún dókítà láti sọ ọ́, nítorí ó lè dà bí ẹni pé ìtọ́jú ló ṣe wọ́n níbi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láìsí ẹ̀jẹ̀ tó padà, gbogbo ibẹ̀ ni ì bá kú. Ní 1960, Robert Jennings àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kíyè sí i lára ajá pé bí wọ́n bá dí iṣan ọkàn fún ìgbà díẹ̀ tí wọ́n sì tú u, ìbàjẹ́ sẹ́ẹ̀lì máa ń yára hàn ju ti ibi tí wọ́n kò tú lọ.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí ọ́síjìn ò dé, sẹ́ẹ̀lì á máa fi ọ̀nà tí kò nílò ọ́síjìn wá agbára, ásíìdì á sì kún inú rẹ̀. Bó ṣe ń gbìyànjú láti ti ásíìdì yẹn jáde, sodium á wọlé, lẹ́yìn náà calcium á tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá padà dé lójijì, ásíìdì á ṣàn lọ ní kíákíá. Ásíìdì yẹn kan náà ló ti ń dí ilẹ̀kùn kan mọ́ lára mitochondria, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára. Ọ́síjìn tó rọ́ wọlé á dá àwọn èròjà oníjàgídíjàgan sílẹ̀ tó ń jẹ ọ̀rá àti purotéènì ara sẹ́ẹ̀lì, calcium á pọ̀ jù, ilẹ̀kùn yẹn á ṣí gbayawu. Agbára á tán. Calcium á mú kí sẹ́ẹ̀lì ọkàn fún pọ̀ débi pé á ya. Gbogbo èyí lè parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ bá ti padà.

Ohun kẹta wà, òun ni mo sì fura sí jù lára ìyá yìí nítorí ìlà ST tí kò wálẹ̀ tán. Iṣan ńlá lè ṣí kí àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì dí: ara wọn ti wú, àwọn ègé ẹ̀jẹ̀ dídì tó já ti há sínú wọn, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ti lẹ̀ mọ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ á dé ẹnu ọ̀nà, kò ní wọlé. Ṣúgà tó ga nígbà tí aláìsàn dé ilé ìwòsàn wà lára ohun tó máa ń bá irú ìdíwọ́ yìí rìn, ti ìyá sì jẹ́ 318. Ògiri tó nípọn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tún mú un le sí i, torí pé ẹran pọ̀ níbẹ̀ ju iṣan wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ ọ lọ. Kí iṣan tó dí rárá ni ebi ẹ̀jẹ̀ ti ń pa á.

Ọ̀rọ̀ àyà híhá tí mo ní máa padà sí rèé. Ní 1986, Murry, Jennings àti Reimer dí iṣan ọkàn àwọn ajá kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n tú u, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́rin, kí wọ́n tó wá dí i fún ìṣẹ́jú 40. Ibi tó kú lára ọkàn àwọn ajá náà kò ju ìdá mẹ́rin ti àwọn tí wọ́n dí iṣan wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyà kékeré ti kọ́ ọkàn bó ṣe máa fara da ìyà ńlá. Lára ènìyàn pẹ̀lú, àwọn tí àyà ti ń há díẹ̀díẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú ìkọlù ọkàn sábà máa ń ní àpá tó kéré ju àwọn tí tiwọn dé lójijì.

Ó yẹ kí èyí ran Ìyá Aláṣọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àǹfààní yìí máa ń rẹ̀ sílẹ̀ lára alátọ̀gbẹ, ó sì máa ń rẹ̀ sílẹ̀ bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè. Daonil tó ń lò pẹ̀lú, nínú yàrá ìwádìí, máa ń dí ọ̀nà potassium kan lára sẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀kọ́ yìí ń gbà wọlé. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí tó sì ń lo Daonil: ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín o. Ṣúgà tí kò ní ìjánu burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Dókítà yín ni kí ẹ bá sọ ọ́.

Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti sọ ẹ̀kọ́ ọkàn yìí di ìtọ́jú. Wọ́n ní bóyá bí a bá fi ohun èlò ìwọn ìfúnpá dí apá fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tí a tú u, nígbà mẹ́rin, ìró rẹ̀ á dé ọkàn. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Denmark, Spain àti Serbia pẹ̀lú aláìsàn tó lé ní 5,000 jáde ní 2019: kò sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n ṣe é fún àti àwọn tí wọn kò ṣe é fún. Ohun tó ṣiṣẹ́ lára ajá tó lera, tó ṣì kéré, kì í fi dandan ṣiṣẹ́ lára ìyá ẹni ọdún 58 tó ní àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Èrò tèmi ni pé níbi tí ọ̀pọ̀ ìwádìí ti kùnà nìyẹn: wọ́n wo iṣan tó dí, wọn ò wo irú ara tí iṣan náà wà.

Mo sọ díẹ̀ nínú èyí fún ọmọ rẹ̀, ní èdè tó rọrùn. Ó dákẹ́. Ó wá ní: "Ṣé gbogbo ibi tí ò mira yẹn ló ti kú ni?"

Rárá. Mo sọ fún un pé òkú àti ẹni tó dákú jọ máa ń sùn sílẹ̀ bákan náà ni, ọjọ́ ló máa fi ìyàtọ̀ hàn. Nínú ẹran ọkàn tí kò mira lẹ́yìn ìkọlù, apá kan ti kú, apá kan kàn dákú ni. Ẹ̀jẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wà láàyè, ṣùgbọ́n ó lè tó ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi echo ọjọ́ kejì ṣèdájọ́ ọkàn ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kẹrin, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, 37.9, orúnkún rẹ̀ tó ti máa ń dùn ún sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ mú diclofenac wá láti ilé, ó ti já a sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá kí nọ́ọ̀sì tó rí i. Mo fẹ́ kí gbogbo ilé tó bá ní aláìsàn ọkàn mọ ìdí tí a fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní àsìkò yìí, ara ń kó òkú ẹran kúrò nínú ọkàn. Irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan ló máa ń kọ́kọ́ dé, òun ló ń fa ìgbóná ara díẹ̀ yẹn. Òmíràn á tẹ̀ lé e tó ń gbé ìdọ̀tí mì. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn oníṣẹ́ àpá á dé, wọ́n á máa fi collagen, okùn líle tí ara fi ń ṣe àpá, hun ògiri tuntun. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ti kó ògbólógbòó kúrò, tuntun ò tíì le. Ògiri ọkàn kì í rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mìíràn, ó sì lè fàya. Diclofenac, ibuprofen àti àwọn ẹbí wọn máa ń dí iṣẹ́ àpá yìí lọ́wọ́, wọ́n ń mú kí ara dá omi dúró, wọ́n sì ń ni kíndìnrín lára. Paracetamol la fún un. Àgbo tí wọ́n gbé wá nínú ike, a ní kí wọ́n gbé e padà sílé, a sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí àǹtí ìyá fúnra rẹ̀ ló sè é.

A bẹ̀rẹ̀ lisinopril ní ìwọ̀n kékeré, bisoprolol tó ń dín eré ọkàn kù, àti atorvastatin fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, a fi aspirin àti clopidogrel sílẹ̀ bó ṣe wà. A fi ínsúlínì kápá ṣúgà, lẹ́yìn náà a gbé e sí metformin, Daonil sì kúrò. Oògùn ìdílé lisinopril ṣe pàtàkì fún irú ọkàn yìí: nínú ìwádìí SAVE ti 1992, pẹ̀lú aláìsàn 2,231 tí ọkàn wọn kò fún ju 40 lọ, captopril, tó wà nínú ìdílé yẹn, dín ikú kù ní 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ọkàn máa fẹ̀ nígbà tí àpá ń le lọ́wọ́. Ẹran tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ hù. Àwọn onímọ̀ ní Sweden ṣírò rẹ̀ ní 2009 pé sẹ́ẹ̀lì ọkàn tó ń di tuntun kò ju bí 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún fún ẹni ọdún 25, ó sì já sí 0.45 fún ẹni ọdún 75. Ohun tó bá ṣẹ́ kù la gbọ́dọ̀ ṣọ́.

Ó padà sílé lọ́jọ́ kẹjọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, echo rẹ̀ jẹ́ 43. Ní oṣù kẹta, ó jẹ́ 47. Ògiri iwájú ti ń fún, ṣóńṣó ọkàn nìkan ni kò mira, àpá ti gba ibẹ̀. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 128/78. Inú fáìlì rẹ̀ ni mo ti rí i pé ó gba amlodipine tirẹ̀ padà, ó sì ń lò ó lójoojúmọ́. "Màmá, ẹ ò fò ó mọ́?" Ó ní, "Kí n tún fo kí ni, ọmọ mi? Mo ti rí ibi tó ń gbéni lọ."

Ó ti padà sí Òjé, àmọ́ ìdajì ọjọ́ ló ń lò níbẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló sì ń ru ẹrù aṣọ gun òkè. A ṣì fẹ́ kí wọ́n fi wáyà wo iṣan náà, torí ohun tó mú kó dí lákọ̀ọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀ lábẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó yọ́. Àwọn ọmọ ti ń tu owó rẹ̀ jọ. Àkọ́bí rẹ̀, ẹni ọdún 35, jẹ́ kí a wọn ìfúnpá tirẹ̀ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé màmá rẹ̀ wá sí kíníìkì ní oṣù kẹta. Ó jẹ́ 152/96. Ó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tirẹ̀.